Kí Ẹ Tó Pè É Ní Féèkì, Ẹ Ka Wáyà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kún ẹnu gbogbo wa láti ọjọ́ Ẹtì tí hẹlikọ́pítà ẹgbẹ́ JETS ti rú èéfín nínú lábù Físíìsì. Ọ̀rọ̀ náà ni "féèkì." Wọ́n ní féèkì ni ESC tí wọ́n rà lọ́jà. Wọ́n ní bátìrì náà, bóyá féèkì ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn SS3, mo gbọ́ ọ nídìí ìyá oníbúrẹ́dì, mo tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ JSS1 tí kò tíì fojú kan hẹlikọ́pítà náà rí. Wọ́n ti ń gbé bébà kiri pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún mú 500 náírà wá kí wọ́n lè ra òmíràn. Lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ kan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ: kí wọ́n kúkú ti nǹkan ọ̀hún mọ́ sítọ́ọ̀, kó má lọ dáná sun lábù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, èmi ò bá èyí lọ, mi ò bá ìyẹn lọ. Kò sí ẹ̀rí kankan pé féèkì ni ohun tó jóná yẹn. Ẹ̀rí wà, tó ṣeé fojú rí, pé òdì ni wọ́n so wáyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ra mẹ́wàá òmíràn, tí wọ́n so wọ́n bí wọ́n ṣe so èyí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa jó, ì báà jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é gan-an ni wọ́n ti lọ rà á.

Fún àwọn tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó ń gbé òkè òkun ló fi hẹlikọ́pítà náà ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní 450 ni, oníná, abẹ̀bẹ̀ òkè rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan dé èkejì. Ó ti pẹ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní flybar dábùú orí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pá yìí sì ni láti jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ lójú òfuurufú. Lóde òní wọ́n ti ń yọ ọ̀pá yẹn sọnù. Àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gyro mẹ́ta ló wà nínú àpótí náà: ọ̀kan ń ṣọ́ bóyá hẹlikọ́pítà ń tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀tún àti òsì, ìkẹta ń ṣọ́ bí ìrù ṣe ń yí. Ohun tí ẹgbẹ́ JETS fẹ́ ṣe nìyẹn. Wọ́n yọ ọ̀pá, wọ́n fi àpótí sí i, wọ́n pààrọ̀ ESC, èyí tó ń bu iná bátìrì fún motor ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n sì pààrọ̀ servo ìrù. Wọ́n fi àwọn servo mẹ́ta àtijọ́ tó wà níwájú sílẹ̀, torí owó.

Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wáyà ti máa ń dojú rú. Ìgbà tí hẹlikọ́pítà bá ti ilé iṣẹ́ wá lódindi, ilé kan náà ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ti wá, pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì mọ ẹnì kejì rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di aṣọ onílẹ̀ẹ̀mọ́: receiver láti ibì kan, servo láti ibòmíràn, ESC láti ibi kẹta. Pọ́lọ́ọ̀gì bátìrì ò bá ti ESC mu, wọ́n á gé e, wọ́n á fi léédì jó òmíràn sí i. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gé wáyà, ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn méjì dúró tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àṣìṣe kì í ti í ná wa lówó. Servo kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta. Pupa máa ń wà láàárín, òun ni pósítíìfù. Dúdú tàbí búráùn wà lápá kan, òun ni nẹ́gétíìfù. Ẹ̀kẹta, tó lè jẹ́ funfun tàbí yẹ́lò tàbí àwọ̀ ọsàn, ló ń gbé ọ̀rọ̀ tí receiver ń sọ. Ó dáa, bí ẹnì kan bá wá fi pọ́lọ́ọ̀gì yìí sódì ńkọ́? Pupa ṣì wà láàárín níbi tó wà. Dúdú ló gba ipò funfun, funfun gba ipò dúdú. Servo ò ní mira, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kò ní jó. Ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, ó bùṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé kí pupa wà láàárín, ó mọ ìwà ọmọ aráyé dáadáa. Ó mọ̀ pé a máa fi í sódì lọ́jọ́ kan.

Wáyà bátìrì ò ní irú àánú yẹn. Méjì péré ni, kò sí àárín. Bátìrì tiwa yìí, LiPo onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni, 11.1 fólítì ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n bó bá kún tán, 12.6 ló ń gbé. Ẹ má fi kíkéré rẹ̀ wò ó o. Bí wáyà rẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn, iná tó máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ débi pé bátìrì lè wú, ó sì lè gbiná. Nínú ESC, àwọn transistor ló dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá gba iwájú wọlé, ilẹ̀kùn yẹn ń gbọ́ràn. Bó bá gba ẹ̀yìn wọlé, ilẹ̀kùn ò lè tì mọ́, iná á kàn máa wọ́ kọjá bí omi àgbàrá. Àgbá kékeré dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní capacitor, òun náà ní ojú àti ẹ̀yìn; bí wọ́n bá fi iná sí i lẹ́yìn, ó máa ń wú, ó sì máa ń bẹ́. Ìró "pó!" tí gbogbo SS2 gbọ́ láti kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, àgbá yẹn ni mo fura sí.

Ẹ ó ní, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òdì ni wọ́n so ó? Ẹgbẹ́ oníròyìn ló ya fọ́tò iṣẹ́ náà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ méjì ṣáájú èéfín, fún igun sáyẹ́ǹsì bọ́ọ̀dù yìí. Ọ̀kan nínú fọ́tò náà hàn kedere. Pọ́lọ́ọ̀gì yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní XT60 ló wà nínú rẹ̀. Lára ike rẹ̀, ilé iṣẹ́ ti tẹ àmì + sí apá kan, wọ́n tẹ àmì − sí apá kejì. Wáyà pupa ESC wà ní ìdí àmì −. Mo mú un lọ bá tíṣà Físíìsì wa. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní, "Pupa ló wà níbi máínọ́ọ̀sì yìí." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì nílò láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn SS3 tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé XT60 ò ṣeé fi bọ ara wọn sódì. Òótọ́ ni. Wọ́n ti gé igun apá kan rẹ̀, kò ní wọlé bí ẹ bá yí i padà. Ṣùgbọ́n pọ́lọ́ọ̀gì ò mọ ohun tí wọ́n jó mọ́ ìdí rẹ̀. Ó mọ ẹnì kejì rẹ̀ nìkan. Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ bá dojú kọra yín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló kọjú sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ àti abo pọ́lọ́ọ̀gì ṣe rí. Ẹni tó ń jó wáyà, ẹ̀yìn ló ti ń wò ó. Bó bá kọ́kọ́ wo ti bátìrì láti iwájú, tó há a sórí pé "pupa wà lápá ọ̀tún," tó wá yí ti ESC sẹ́yìn láti jó o, òsì ni ọ̀tún rẹ̀ ti dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ àmì sára ike. Àmì ò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Físíìsì, gbogbo yín lẹ mọ ìlà gígùn àti ìlà kúkúrú nínú àwòrán bátìrì fún WAEC, ẹ sì mọ̀ pé ìlà gígùn ni pósítíìfù. Ó wá yà mí lẹ́nu pé a lè mọ èyí inú ìwé ká má lè ka èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ike.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọmọ JSS2 kan wà nínú ẹgbẹ́ JETS tó rí i kí wọ́n tó fi bátìrì sí i. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Sínyọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, pupa yẹn ò bá àmì mu." Èèyàn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi pé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Èsì tó gbà ni, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ wa?" Wọ́n ní kó lọ pọn omi sínú garawa lábù. Ibi omi ló wà nígbà tí nǹkan bẹ́.

Mi ò sọ pé kí ọmọ JSS máa bá SS3 fa ọ̀rọ̀ o. Ilé tí mo ti wá, a máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí tèmi di aláfojúdi. Ṣùgbọ́n iná ò mọ sínyọ̀. Ẹni ọdún 12 so pupa mọ́ pósítíìfù, á ṣiṣẹ́; ẹni ọdún 18 so ó mọ́ nẹ́gétíìfù, á jó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀: wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri kíláàsì Yorùbá wa, abẹ́ rẹ̀ la sì ń jókòó sí lójoojúmọ́.

Nínú ẹgbẹ́ oníròyìn, ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ kì í ṣe ẹni tó ń yẹ àmì ohùn orí rẹ̀ wò. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ohun tó ní lọ́kàn ló máa ń kà, kì í ka ohun tó kọ. Wáyà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jó o ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó tọ́, bó bá wò ó ní ìgbà ogún, títọ́ náà ló máa rí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹlòmíràn máa kà á. Kí ẹnì kan mú ìwé ìlànà tó bá nǹkan náà wá lọ́wọ́, kó máa kà á sókè, kí ẹnì kejì máa fi ìka tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "Pupa bátìrì, ibo ló lọ? Àmì wo ló wà níbẹ̀?" Kí ẹni tó ń kà má jẹ́ ẹni tó jó o. Bó bá jẹ́ ọmọ JSS1 ló ń kà, ó tún dáa bẹ́ẹ̀, torí òun ò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ohun tó rí ló máa sọ.

Lẹ́yìn kíkà ni wíwọ̀n. Multimeter tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní mítà, mo ti rí i lọ́jà, kò wọ́n tó ESC rárá. Ẹ fi bátìrì bọ pọ́lọ́ọ̀gì tó máa kojú ESC, kí ẹ má tíì so ESC, ẹ fi ọ̀pá pupa mítà kan ibi tó ní àmì +, dúdú kan ibi tó ní −. Bó bá gbé 12 àti díẹ̀ jáde lásán, ó tọ́. Bó bá gbé e jáde pẹ̀lú àmì − níwájú rẹ̀, òdì ni. Mítà yẹn ti sọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fojú yẹ apá ti ESC wò, àmì sí àmì.

Ohun tó tún kù, àwọn rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ̀ ọ́n dáadáa ju àwa lọ. Wọ́n máa ń fi gílóòbù ọkọ̀ sáàárín wáyà kí wọ́n tó fi ara bátìrì lódindi kan nǹkan tí wọn ò tíì dá lójú. Gílóòbù iná ọkọ̀ onífólítì 12 bá bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wa mu wẹ́kú. Ẹ gé wáyà pupa ẹyọ kan tó wà fún ìdánwò nìkan, ẹ so gílóòbù sáàárín rẹ̀. Ẹ wá fi bátìrì kan ESC láti ibẹ̀. Bí nǹkan bá wà létòlétò, gílóòbù á ṣẹ́jú díẹ̀, á kú. Bí òdì bá wà, tàbí tí wáyà méjì kan ara wọn níbì kan, gílóòbù á tàn yòò, á sì máa tàn. Ìtànṣán yẹn ni iná tí ì bá jó ESC yín. Ó ti bá inú gílóòbù lọ, kò sì ju ohun tí gílóòbù lè gbà lọ. Ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ wá ibi tó ti yà. Tọ́rọ́ kọ́bọ̀ ni.

Ti fólítì àwọn servo ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú fò ó. BEC inú ESC ló ń sọ iná bátìrì di kékeré fún receiver, servo àti àpótí gyro: 5 fólítì, tàbí 6. Àwọn tuntun kan wà tó ṣeé gbé dé 7.4 tàbí 8.4, àwọn servo tuntun kan sì wà tó fẹ́ràn ìyẹn. Mẹ́ta iwájú tiwa ti pẹ́, ìwọ̀n wọn ò lè kọjá 6. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń gbé e sókè. Bí wọ́n bá sì tún ra BEC mìíràn lọ́tọ̀, kí wọ́n má kó òun àti ti inú ESC pọ̀ sínú receiver kan. Kí wọ́n yọ wáyà pupa ti ESC kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà, bí wáyà bátìrì ò bá tó, wọn ò gbọ́dọ̀ kàn gùn ún bó ṣe wù wọ́n, torí gígùn níbẹ̀ ń jẹ́ kí fólítì máa fò sókè lójijì nínú ESC. Apá ti motor ló sàn kí wọ́n fi gígùn sí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń jó yìí, èmi ò kà á sí ewu tó tóbi jù. Èyí tó ń jó, ó ti sọ fún yín. Èyí tí kì í jó ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí wáyà méjì nínú mẹ́ta tó lọ sí motor bá pààrọ̀ ipò, motor á kàn máa yí sẹ́yìn, kò burú, ẹ óò rí i. Àmọ́ bí gyro ìrù bá ń ronú sódì, ohun gbogbo á dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Kò sí òórùn, kò sí èéfín. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e jáde sí pápá tó bá gbéra nílẹ̀ báyìí, ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Dípò kí gyro dá a dúró, á máa tì í lọ síwájú sí i, á wá máa jà yíká bí òkòtó. Wáyà rẹ̀ tọ́ o. Ibi tí wọ́n ti sọ fún àpótí náà pé ọ̀tún ni ọ̀tún, ibẹ̀ ni kò tọ́.

Ẹ lè mọ èyí láìfò rárá. Ẹ yọ wáyà motor, ẹ tan hẹlikọ́pítà. Ẹ ti ọ̀pá ìdarí ìrù lórí rìmóòtù sí ọ̀tún, kí ẹ wo ibi tí servo ìrù sún sí. Ẹ fi sílẹ̀ kó padà sáàárín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé hẹlikọ́pítà lọ́wọ́, ẹ fọwọ́ yí imú rẹ̀ sí òsì kíákíá. Ibi tí servo sún sí lákọ̀ọ́kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ tún sún sí, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá imú padà sí ọ̀tún. Bó bá sún sí òdìkejì, ẹ má gbé e jáde. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Servo tuntun tí wọ́n rà fún ìrù náà ní tirẹ̀. Àmì tí servo lásán ń gbọ́, àárín rẹ̀ jẹ́ 1520 microsecond. Àwọn servo ìrù kan wà tó jẹ́ 760 ni tiwọn. Pọ́lọ́ọ̀gì kan náà, àwọ̀ wáyà kan náà. Bí wọ́n bá yan 1520 fún èyí tó ń gbọ́ 760, á sá lọ sí ìpẹ̀kun, á máa ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí á fi gbóná. Àwọn servo àtijọ́ tó jẹ́ analog, nǹkan bí 50 ìgbà ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́ àmì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ 333 sí wọn lára, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ẹ ó gbọ́ pé féèkì ni.

Mo wá fẹ́ dá àwọn olùkọ́ wa tó ní ká ti í mọ́ sítọ́ọ̀ lóhùn. Ẹ̀rù tó ń bà yín, òótọ́ ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: abẹ̀bẹ̀ tó fẹ̀ ní 0.7 mítà, etí rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 2.2 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí po. Bó bá yí po ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí kò ṣòro fún 450, mítà 5,500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, 330 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn tó ń sá tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ní pápá kan ní Brooklyn, New York, hẹlikọ́pítà rìmóòtù tó tóbi ju tiwa lọ pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 tó ń darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò sọ pé wáyà ló fa ìyẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ohun ìṣeré.

Ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ohun tó yẹ ká tì mọ́ sítọ́ọ̀ ni abẹ̀bẹ̀ òkè. Kí abẹ̀bẹ̀ má sí lórí hẹlikọ́pítà rárá nínú lábù, kí wọ́n yọ ó kéré tán wáyà méjì lára motor nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ṣètò àpótí gyro. Hẹlikọ́pítà tí kò ní abẹ̀bẹ̀, tí motor rẹ̀ kò lè yí, kò lè gé ẹnikẹ́ni, ẹ sì ṣì lè kọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bátìrì ni kó máa gbé lọ́wọ́ olùkọ́. Ìyẹn nìkan ló ń jẹ́ kí ohunkóhun jó, kí ó máa wọlé kẹ́yìn, kí ó máa kọ́kọ́ jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn tó ti san 500 náírà, ẹ má gbà á padà. Kí ẹgbẹ́ fi ra multimeter kan àti gílóòbù ọkọ̀ méjì kí wọ́n tó ra ESC. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún wọn náà sì kù. Wọ́n lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pariwo lé e lórí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n ní olè ni. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo bí wọ́n ṣe so ó, wọn ò gbà. Nǹkan tó béèrè yẹn gan-an ni mo ń béèrè láti òkè wá. Ó yẹ kí àwọn tó lọ síbẹ̀ padà lọ, kí wọ́n mú fọ́tò náà dání, kí wọ́n sì sọ ọ́ níwájú àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe sọ ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé JETS, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. Mo ti lẹ fọ́tò náà mọ́ ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, mo fi bíró aláwọ̀ ewé yí ibi tí àmì − wà po. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Mo sì ti bẹ tíṣà tó ń rí sí ẹgbẹ́ náà pé, nígbà tí wọ́n bá ń ka wáyà tuntun lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fún ọmọ JSS2 yẹn ní ìwé ìlànà lọ́wọ́, kí wọ́n sì rán ẹlòmíràn lọ pọn omi.